Àbúrò mi ra "ìwé òmìnira" lórí Telegram, ó ní òfin Nàìjíríà ò de òun mọ́. Ẹ gbà mí o

Ẹ̀gbọ́n_Ṣágámù (Ṣágámù)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ó ń fi Corolla rẹ̀ kó èrò láti Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ọdún tó kọjá ló ti wọ ẹgbẹ́ kan lórí Telegram, níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Olùkọ́ ti ń kọ́ wọn pé orúkọ tí ìjọba fi lẹ́tà ńlá kọ sórí ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì NIN kì í ṣe ènìyàn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ òwò ni ìjọba fi orúkọ yẹn dá sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ. Gbèsè tó bá dé, ilé-iṣẹ́ yẹn ló jẹ ẹ́. Ẹ̀sùn tó bá dé, ilé-iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi kàn. "Ẹ̀dá alààyè" tó ń mí kò sí lábẹ́ òfin ẹnikẹ́ni, àfi èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbà.

Ó san ₦85,000 gba ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ pupa. Ó tẹ̀ka sí i. Wọ́n kọ "UCC 1-308" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ "Moor" sí òkè. Ó wá yọ nọ́ńbà ọkọ̀, ó gbé páálí kan síbẹ̀ pé: ARÌNRÌN-ÀJÒ NI MÍ, N KÌ Í ṢE AWAKỌ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dá a dúró lẹ́bàá Interchange, wọ́n béèrè láísẹ́ńsì, ìwé Olùkọ́ ló nà sí wọn. Kò dárúkọ ara rẹ̀. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì sí àkókò yìí ni yóò fojú ba kóòtù májísíréètì, ó sì ti ń há ohun tí yóò sọ sórí: "N kò fọwọ́ sí i pé kí ẹ dá ẹjọ́ mi."

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ó yá owó lọ́dọ̀ ilé ìyáwó kan, kò san án mọ́ láti oṣù mélòó kan. Olùkọ́ sọ fún wọn pé ìbuwọ́lùwé ẹni ni báńkì fi ń dá owó náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè. Ìyá wa ló dúró fún un. Àwọn ilé ìyáwó náà ti ń wá màmá wá sí ìsọ̀ màmá ní ọjà Àwọlọ́wọ̀, wọ́n ní àwọn yóò kó ọlọ́pàá wá gbé wọn.

Ṣé òfin kan wà lóòótọ́ tó ti ohun tí ọmọ yìí ń sọ lẹ́yìn? Kí ni mo lè ṣe fún màmá?

---

Lọ́yà_Ìjẹ̀búÒde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Kò sí òfin kankan tó tì í lẹ́yìn, kì í ṣe ní Nàìjíríà nìkan.

Màmá ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tí kò pé. Ó tún sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíì. Tí ilé ìyáwó bá fẹ́ owó wọn lọ́wọ́ oníduurò, kí wọ́n gba kóòtù lọ, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn, torí pé màmá fọwọ́ sí ìwé. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ àdéhùn tuntun náà sílẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ màmá, ẹ gba orúkọ rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí.

Ó ku ìwé Olùkọ́. Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ yìí ti wá. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Posse Comitatus ń wàásù níbẹ̀ pé ìjọba àpapọ̀ kò láṣẹ lórí àwọn. Nígbà tí gbèsè báńkì ń gba oko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wọn ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ wọn ló gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ìtàn mìíràn lé e: pé nígbà tí Amẹ́ríkà já owó rẹ̀ kúrò lára wúrà ní 1933, ìjọba fi àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè dógò, ó sì ṣí àkáǹtì ìkọ̀kọ̀ kan ní orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí. Kò sí àkáǹtì bẹ́ẹ̀. UCC tó wà lórí ìwé àbúrò yín, òfin òwò àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ó sọ bí ẹni tó wà nínú àdéhùn òwò ṣe lè dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí. Kò nà dé Ṣágámù. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọlọ́pàá ojú títì.

Ní tiwa, abala 1(1) ìwé òfin 1999 ní ìwé òfin náà ló ga jù lọ, ó sì de gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn jákèjádò Nàìjíríà. Kò sọ pé "ẹni tó bá gbà". Abala 308 ló dárúkọ àwọn tí a kò lè gbé lọ sí kóòtù nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè: ààrẹ, igbákejì ààrẹ, gómìnà, igbákejì gómìnà. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn ni. Sáà wọn parí, ààbò náà parí.

Òmìnira láti rìn káàkiri wà ní abala 41 lóòótọ́. Àbúrò yín lè fẹsẹ̀ rìn láti Ṣágámù dé Èkó, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè láísẹ́ńsì. Ọkọ̀ ló ń wà ní títì gbogbo ayé, owó èrò ló sì ń gbà.

---

BàbáÌbejì_Jámánì (ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, mo ń gbé ní Jámánì)

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré o. Níbi tí mo wà, Reichsbürger ni wọ́n ń pe irú wọn. Wọ́n gbà pé ìjọba Jámánì àtijọ́ kò tíì parí, pé èyí tó wà lónìí jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Wọ́n ń tẹ ìwé ìrìnnà àti láísẹ́ńsì tiwọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn aráàlú fi ń wò wọ́n bí aláwàdà.

Ní oṣù Kẹwàá 2016, ọlọ́pàá lọ gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ní Georgensgmünd ní ìpínlẹ̀ Bavaria. Ó yìnbọn, ọlọ́pàá kan kú. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n dá fún un. Ní oṣù Kejìlá 2022, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọlọ́pàá ló jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo láti mú ẹgbẹ́ wọn kan tó ń gbèrò láti gba ìjọba. Ọmọ ìdílé ọba àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Heinrich Reuss ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí. Ẹlòmíì tún wà, Peter Fitzek, tó dé ara rẹ̀ ládé ní 2012, tó dá "ìjọba" sílẹ̀, tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn bíi báńkì. Oṣù Karùn-ún 2025 ni ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé àbúrò yín á gbé ìbọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé orí ìwé ni gbogbo wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, bóyá ó ti ń bínú sí gbogbo ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú rẹ̀.

---

Ọmọ_Ìmàgbọ̀n (Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀ ń fọ́nnu pẹ̀lú 1999. Ta ló kọ ọ́? Décree 24 ti ọdún 1999, òfin tí ìjọba ológun ṣe, ni, Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwa ènìyàn Nàìjíríà". Ìgbà wo ni wọ́n pe àwa ènìyàn? Bàbá mi kò dìbò fún un, èmi náà kò dìbò fún un.

Ká tún padà sẹ́yìn. Ìbọn ni òyìnbó fi wọ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Ní Rẹ́mọ, ní 1894, ìwé àdéhùn ni wọ́n gbé síwájú Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Orí ẹ̀ ni Nàìjíríà dúró sí. Ní 1978, ìjọba ológun tún fi òfin ilẹ̀ kó gbogbo ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ilẹ̀ tí àwọn ìdílé ti ní kí Nàìjíríà tó dé. Lójoojúmọ́ ni àwọn tó wọṣọ ìjọba ń na ọwọ́ sí awakọ̀ ní títì. Tí ọmọ kan bá ní òun kò ṣe mọ́, ó yé mi. Èmi ò rawé kankan, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe wèrè.

---

Lọ́yà_Ìjẹ̀búÒde

Ẹnikẹ́ni ò pè é ní wèrè níbí, arákùnrin. Òótọ́ ni nípa Décree 24. Ọ̀pọ̀ àwa lọ́yà ló ń sọ pé ó yẹ kí aráàlú jókòó kọ ìwé òfin tiwọn, èmi wà lára wọn. Òótọ́ ni nípa òfin ilẹ̀ 1978 náà, abala 315 ìwé òfin ló sì dè é mọ́lẹ̀ tó fi ṣòro láti yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yín dé òpin. Tí ìwé òfin 1999 bá jẹ́ asán, abala 35 náà di asán. Abala yẹn ló ní kí ọlọ́pàá sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n mú, lórí ìwé, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó gbọ́. Òun ló ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà nítòsí. Òun ló ní ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Abala 46 ló ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ gíga fún un. Tí awakọ̀ kan bá ju gbogbo ìyẹn sílẹ̀, tó gbé ìwé Olùkọ́ dání, kí ló kù fún un lójú títì? Ẹni tó fẹ́ gba rìbá lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni ìyẹn dùn mọ́ jù, nítorí pé àbúrò ti fún un ní ẹ̀sùn tòótọ́: kò sí nọ́ńbà, kò sí láísẹ́ńsì.

Ẹ rántí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, Kábíyèsí Sikiru Adetona, tó wàjà ní oṣù Keje 2025. Nígbà ìjọba gómìnà Olabisi Onabanjo, láyé ìṣèlú kejì, ìjọba ìpínlẹ̀ dá Awùjalẹ̀ dúró, wọ́n ní àwọn rọ̀ ọ́ lóyè. Tí ẹnìkan bá wà ní ilẹ̀ wa tó lè sọ pé òfin ìjọba kò ká òun, ṣebí Awùjalẹ̀ ni. Kábíyèsí gba lọ́yà, wọ́n gba kóòtù lọ, kóòtù sì fagi lé e. Wọ́n padà sórí ìtẹ́, wọ́n lò ju ogójì ọdún lọ lẹ́yìn rẹ̀.

---

Àgbà_Ìjẹ̀búIgbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ jẹ́ kí n bá Ọmọ_Ìmàgbọ̀n sọ̀rọ̀ baba sọ́mọ. O dárúkọ 1892. Kí òyìnbó tó dé Ìmàgbọ̀n, Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, ló ń dá ẹjọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìlédì, ilé ìpàdé wọn, ni wọ́n ń gbé ẹni tó bá ṣẹ̀ lọ. Ọba pàápàá kò lè ṣe bó ṣe wù ú láìfi ti Òṣùgbó ṣe. Ẹnikẹ́ni kò lè dúró láàárín ọjà láyé ìgbà náà kó ní òun kò fọwọ́ sí òfin ìlú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ padà sí ti àwọn baba wa, kó mọ̀ pé kò sí àyè fún ìwé Olùkọ́ níbẹ̀ náà.

---

Ìyá_Aláṣọ_ÒkèÀjẹ́ (Ìjẹ̀bú-Òde)

Èmi mọ irú ọ̀rọ̀ yìí láìsí Telegram. Ìdílé kan ta ilẹ̀ fún wa, a san owó tán, a gba ìwé. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, àwọn ọmọ ìdílé tún dé, wọ́n ní ká san owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé. A fi ìwé hàn wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ baba àwọn ni, òfin ìjọba kò dé orí rẹ̀. Wọ́n lu lébìrà wa.

Òfin ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 lórí àwọn ajagungbalẹ̀ ni lọ́yà wa gbé jáde. Ọ̀rọ̀ ti yí padà lójú wọn nígbà tí wọ́n gbọ́ iye ọdún ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ_Ìmàgbọ̀n, mo gbọ́ ẹ lórí òfin ilẹ̀ o, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n tí kálukú bá ní òfin kò kan òun, àwa tí a kò ní tọ́ọ̀gì la máa jìyà rẹ̀.

---

Ọmọ_ÀgọÌwòyè (mo ń gbé ní Calgary, Kánádà)

Ní ìpínlẹ̀ Alberta níbí, ní 2012, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kan wá síwájú adájọ́ John Rooke. Meads v. Meads ni wọ́n ń pè é. Ọkọ kó ìwé bíi ti àbúrò yín wá: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, àtẹ̀ka, gbogbo rẹ̀. Adájọ́ náà kó gbogbo irú àròyé yìí jọ, ó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ìdájọ́ gígùn tó fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìpìlẹ̀ nínú òfin. Àwọn kóòtù ní orílẹ̀-èdè mìíràn ti tọ́ka sí ìdájọ́ yẹn títí di òní.

Apá tó yẹ kí àbúrò kà jù ni èyí tó dá lé àwọn tó ń tà á. Adájọ́ náà sọ ọ́ gbangba pé àwọn "olùkọ́" wọ̀nyí ló ń jẹ èrè, oníbàárà wọn ló ń jẹ ìyà. Ẹ bi í pé ta ni Olùkọ́ rẹ̀? Nọ́ńbà wo ló wà lára ọkọ̀ tirẹ̀? Kóòtù wo ló ti fi ìwé yìí jàre?

Nípa "Moor" tó wà lórí ìwé náà, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú kan ní Amẹ́ríkà ló ń lò ó, wọ́n ní ọmọ Moor, àwọn ará Àríwá Áfíríkà àtijọ́, ni àwọn, òfin Amẹ́ríkà kò de àwọn. Ní oṣù Keje 2021, mọ́kànlá nínú wọn dúró pẹ̀lú ìbọn ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà I-95 ní Wakefield, Massachusetts, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọn kò ní láísẹ́ńsì ìbọn. Gbogbo wọn ni wọ́n kó. Wọ́n ń fi àwọ̀ ara wa tan ọmọ wa jẹ. Òṣèré Wesley Snipes náà gba ẹ̀kọ́ tó fara pẹ́ èyí lórí owó orí. Ní 2008 wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un. Ó lówó, ó ní lọ́yà tó gbówó lórí, kò gbà á.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ṣágámù

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ka èyí tí Ọmọ_ÀgọÌwòyè kọ fún un. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní "adájọ́ wọn ni, wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ ná." Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ Olùkọ́, ó ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lójú rí.

Ó ti pinnu pé òun kò ní dáhùn tí wọ́n bá pe orúkọ òun ní kóòtù. Kí ló máa ṣẹlẹ̀? Ṣé a tún lè gba ₦85,000 padà?

---

Akọ̀wé_Kóòtù_Tẹ́lẹ̀ (Ìlíṣàn)

Ọmọ mi, iṣẹ́ kóòtù ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Tí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn bá yadi, kóòtù á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní òun kò jẹ̀bi, ẹjọ́ á máa bá a lọ láìsí ohùn rẹ̀. Tí kò bá dáhùn orúkọ, tí wọ́n kọ ọ́ pé kò wá, wọ́n lè pàṣẹ kí wọ́n mú un. Tí ó bá ń pariwo mọ́ májísíréètì pé kò láṣẹ, ẹ̀sùn títàbùkù kóòtù lè kún èyí tó wà nílẹ̀. Gbogbo èyí lórí ẹjọ́ tí ó ṣeé ṣe kí owó ìtanràn parí!

Ẹ má bá a jiyàn lórí lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré mọ́. Bí ẹ bá ti ń já a nírọ́, á tún gba fídíò mìíràn lọ́wọ́ Olùkọ́. Ẹ bi í ní ohun tó ń dùn ún gan-an. Mo ti rí púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ wa. Ẹnìkan ti gba owó lọ́wọ́ wọn lọ́nà àìtọ́, wọ́n lù wọ́n, wọ́n fi ẹjọ́ sùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ìbínú yẹn gbọ́ ni wọ́n máa ń tẹ̀lé. Jẹ́ kí ó jẹ́ ìwọ.

---

Lọ́yà_Ìjẹ̀búÒde

Bàbá ti sọ ọ́ dáadáa. Abala 36 fún un ní àyè láti gbèjà ara rẹ̀ tàbí kí lọ́yà tó wù ú ṣe é. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀, kò pọn dandan kí ó gbà pé ìwé náà kò dára kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Tí owó kò bá sí, ẹ béèrè ní Legal Aid Council, iṣẹ́ wọn ni láti ṣe é fún ẹni tí kò ní.

Ní ti ₦85,000, ẹni tó gba owó lórí irọ́ tó mọ̀ pé irọ́ ni ti ṣẹ̀ sí òfin jìbìtì ti 2006. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje ló kéré jù níbẹ̀, ogún ọdún ló pọ̀ jù, kò sí àyè owó ìtanràn. Ẹ má pa ìtàkùrọ̀sọ Telegram rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ gba ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ báńkì tó fi orúkọ ẹni tó gba owó hàn. Mi ò lè ṣèlérí pé owó á padà.

---

Ọmọ_Ìmàgbọ̀n

Mi ò yẹ̀ lórí Décree 24. Ọjọ́ kan á jẹ́ ọjọ́ kan tí a máa kọ ìwé òfin tí a dìbò fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ìwé fún awakọ̀ ní ₦85,000, tó fara pamọ́ sẹ́yìn fóònù, kò sí nínú ìjà yẹn pẹ̀lú mi. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá nílò ẹni tó máa bá àbúrò sọ̀rọ̀ tí kò ní bú u, ẹ kàn sí mi. Ó ṣeé ṣe kí ó gbọ́ tèmi ju ti lọ́yà lọ.

---

Ẹ̀gbọ́n_Ṣágámù

Ẹ ṣé, Ọmọ_Ìmàgbọ̀n, mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín.

Èmi àti màmá lọ sí ilé ìyáwó lónìí. Wọ́n gbà kí a máa san án lóṣooṣù, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, màmá tẹ̀ka. Àbúrò mi gbà kí lọ́yà bá òun dé kóòtù. Kò tíì gbà pé ìwé náà kò wúlò, ó ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń wá láísẹ́ńsì rẹ̀ tó ti kú, ó ní kí n bá òun béèrè iye tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di tuntun.

Ẹni tó bá mọ ẹlòmíì tó sanwó fún Olùkọ́ yìí ní Ṣágámù, Ìlíṣàn, Òde-Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. A fẹ́ pa ẹ̀sùn náà pọ̀ ṣọ̀kan kí a tó gbé e lọ.